Kí ni ọmọ yín lè kà? Ìtọ́sọ́nà fún òbí àti ará ilé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn

Ọmọ mi kejì wà ní Pírámárì 3 nígbà tó mú káàdì ìdánwò wálé pẹ̀lú ipò kẹta. Inú gbogbo wa dùn, bàbá rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù tuntun fún un. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí mo ń po ògì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kó bá mi wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí mílíìkì, kí n mọ̀ bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ó yí páálí náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Mọ́mì, wọn ò tíì kọ́ wa ní èyí."

Mo ní kó lọ gbé ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá. Ó ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n kà kẹ́yìn ní kíláàsì, ó sì ń kà á lọ geerege, kò dúró, kò kọsẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán, mo fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín ìlà kẹta, mo ní, "Kí lèyí?" Ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé náà, ó ń sọ ọ́ bọ̀ lábẹ́nú títí tó fi dé ibi tí ìka mi wà, kó tó wá dá mi lóhùn. Ọmọ náà kò ka nǹkan kan. Ó há a sórí ni.

Tíṣà ni mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kọ́ nílé ìwé ìjọba láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, n kò sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé mi. Ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ náà, àti ohun tí mo ti rí i pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn òbí mìíràn, ni mo kọ síbí bí a ó ṣe máa tò ó tẹ̀lé ara wọn.

Kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan. Ní ọdún 2023, UNICEF sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kan tó rọrùn tàbí kó ṣe ìṣirò kékeré. Púpọ̀ nínú wọn ló ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Ìbàdàn yìí ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1955. Làálàá àwọn àgbà wa nígbà náà ni bí ọmọ yóò ṣe ráyè wọ kíláàsì. Tiwa ni láti mọ ohun tó ń gbé jáde níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka káàdì náà kọjá ipò

Ipò ń sọ iye ọmọ tí ọmọ yín ṣe dáadáa jù lọ nínú kíláàsì kan. Kò sọ ohun tó mọ̀. Ẹni tó ṣe ìkẹta láàárín ọmọ méjìlá tí kò sí èyí tó lè kàwé nínú wọn, kò tíì lè kàwé náà nìyẹn. Ẹni tó ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́ta ọmọ tó já fáfá lè máa ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀ nílé.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni máàkì Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, nítorí orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé. Èkejì ni àlàfo tó wà láàárín máàkì tó gbà nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti èyí tó gbà nínú ìdánwò. Bí ti iṣẹ́ ojoojúmọ́ bá ga fíofío, tí ti ìdánwò wá wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì ti máa bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò rárá, ni iye ìgbà tó wá sílé ìwé. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń bá wí pé kò mọ ìṣirò, àmọ́ nígbà tí a wo rẹ́jísítà, kò wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí ní gbogbo táàmù yẹn torí pé ó ń bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ sì ni tíṣà rẹ̀ máa ń kọ́ wọn ní ohun tuntun nínú ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dán an wò fúnra yín, lọ́sàn-án Sátidé

Ìdánwò yìí kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má pè é ní ìdánwò létí ọmọ. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má jókòó níwájú rẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni.

Ẹ mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Kò sí pálọ̀ n'Íbàdàn tí kò ní kàlẹ́ńdà ìsìnkú tàbí ti ẹgbẹ́ kan tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó fẹ̀, ó sì nípọn. Ẹ pín in sí mẹ́rin.

Sí apá kìíní, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá tí ẹ dà rú, kì í ṣe a, b, d bó ṣe wà nínú orin: m, ọ, k, ṣ, e, gb, t, i, y, ẹ. Ẹ béèrè ìró wọn, kì í ṣe orúkọ wọn nìkan.

Sí apá kejì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá: ilé, ẹja, omi, bàtà, ìyá, igi, ọsàn, gàrí, ẹyẹ, ilẹ̀kùn.

Sí apá kẹta, ẹ kọ ìtàn kúkúrú tí kò rí rí. Ẹ lè lo tèmi yìí: "Àdùkẹ́ bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Wọ́n ra ata àti ẹja. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n sá sí abẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí òjò dá, wọn kò rí ẹja wọn mọ́. Ológbò kan ń lá ẹnu ní ẹ̀yìn ilé." Tó bá ti kà á tán, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló bá Àdùkẹ́ lọ? Kí ló dé tí wọ́n fi sá? Níbo ni ẹja wà? Ẹ̀kẹta yẹn ni kí ẹ fetí sí jù lọ. A kò kọ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n inú yọ ọ́ jáde. Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi ológbò ti mọ ohun tó ń kà.

Sí apá kẹrin, ẹ kọ ìṣirò: 13 + 8, 42 − 17, 6 × 7, 84 ÷ 4. Ẹ wá sọ eléyìí fún un lẹ́nu: Ìyá Àjọkẹ́ ra ọsàn 60, 15 bàjẹ́ nínú rẹ̀, ó kó ìyókù sínú ọ̀rá márùn-ún dọ́gbadọ́gba. Ọsàn mélòó ló wà nínú ọ̀rá kan? Mẹ́sàn-án ni ìdáhùn. Ẹ má kánjú sọ ọ́ fún un.

Ìtàn kan náà, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìyá tó bá ní òun ò kàwé lè ṣe é pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kan nínú ilé bá yín kọ ìwé náà. Bí ọmọ bá ń kà á, etí yín yóò mọ̀ bóyá Yorùbá tó mọ́gbọ́n dání ló ń jáde. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ka ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, kó tó ka tòkè. Ẹni tó há a sórí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí mo ń lò rèé. Nígbà tí ọmọ bá fi máa parí Pírámárì 1, kó mọ ìró lẹ́tà, kó lè so méjì pọ̀ di bà, bí, bu, kó kọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì lè ka ẹ̀wà ogún lọ́kọ̀ọ̀kan láìfo. Ní ìparí Pírámárì 2, kó lè ka àwọn ọ̀rọ̀ apá kejì yẹn. Pírámárì 3 ni ibi tí mo ti máa ń le jù: kó ka ìtàn Àdùkẹ́, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó yọ 17 kúrò nínú 42. Ìdí tí mo fi ń le ni pé láti Pírámárì 4 lọ, gbogbo ìwé yòókù ló ti gbà pé ọmọ lè kà. Kò sẹ́ni tó tún máa padà lọ kọ́ ọ ní lẹ́tà mọ́. Sáyẹ́ǹsì dé, ìtàn dé, ẹ̀kọ́ ìlera dé, kíkà ni gbogbo wọn. Ẹni tó wà ní Pírámárì 5 tàbí 6 yẹ kó ka odindi ojú ewé tí kò rí rí, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín ní gbólóhùn mẹ́ta.

Ẹ kọ déètì sí ìwé náà, ẹ kọ ibi tó dúró sí, ẹ ká a pamọ́. Ibi tó dúró sí gan-an ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kíláàsì tó wà. Àjọ kan ní Íńdíà tó ń jẹ́ Pratham ló sọ ọ̀nà yìí di ńlá: wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ bí ìmọ̀ wọn ṣe tó, wọn kì í wo ọjọ́ orí tàbí kíláàsì. Ọmọ Pírámárì 5 tí kò mọ ìró lẹ́tà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìró lẹ́tà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àfi bí a bá dá ìtìjú náà sílẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi Yorùbá ṣí ojú rẹ̀

Níbí ni mo ti máa ń bá àwọn òbí jiyàn jù. Wọ́n á ní, "Tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sanwó fún." Ilé ìwé wà n'Íbàdàn yìí tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ torí pé ó sọ Yorùbá, wọ́n á ní ó sọ fànákúlà. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn. Ọmọ tí a pa èdè mọ́ lẹ́nu kò lè béèrè ohun tí kò yé e.

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ní ká bẹ̀rẹ̀ láti Yorùbá. Lẹ́tà 25 ni a ní, lẹ́tà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń di ìró rẹ̀ mú níbikíbi tó bá wà. Bí ọmọ bá ti mọ "a" nínú "ata", ó ti mọ̀ ọ́n nínú "ajá" àti "bàtà". Ṣùgbọ́n "a" Gẹ̀ẹ́sì nínú cat kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti cake, bẹ́ẹ̀ ni ti call tún yàtọ̀. Tí ọmọ bá ti kọ́ bí a ṣe ń so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀ nínú èdè tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, ọgbọ́n yẹn kan náà ni yóò gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ ló gba ọmọ tèmi láti máa ka ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò rí rí.

Àwọn àgbà wa ti dán èyí wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ mú kọ́ńsónáǹtì kan fún ọjọ́ kan, ká ní "b". Ẹ so ó mọ́ fáwẹ̀lì méjèèje: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kí ọmọ máa fò látorí ọ̀kan sí èkejì bí ẹ ṣe ń pè é. Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé kéwú nírọ̀lẹ́ ti mọ irú ìsopọ̀ yìí láti orí wàláà, ẹ rán wọn létí pé ọgbọ́n kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn: dò, re, mí. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀, kí ẹ ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tí a fi ń roko àti èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì yé e pé àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí iná tó lọ

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ yan àkókò kan tí kò ní yẹ̀. Nílé wa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀, kí a má wá máa dúró de iná ọba. Ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ lè fi iṣẹ́ yìí lé ẹ̀gbọ́n ọmọ lọ́wọ́, kí òun wá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó sùn. Tàbí kó ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà bá dá. Mo mọ ìyá kan ní Bódìjà tó máa ń jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìrẹsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń já a sílẹ̀.

Àwọn ohun kíkà kò wọ́n bí a ṣe rò. Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin wà nílé. Ìwé ìtàn àlòkù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé létí títì. Bí ẹ bá wọ takisí Micra láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, pátákó tó wà lójú ọ̀nà pọ̀ ju ìwé kan lọ. Ẹ ní kó ka márùn-ún fún yín kí ẹ tó sọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ẹ ní kí màmá sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà lọ́mọdé, gbólóhùn mẹ́ta péré. Ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀ bí màmá ṣe sọ ọ́, ẹ ó bá a tún un kọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ á kà á padà fún màmá. Ìyá ọkọ mi kò fi ìgbà kan jókòó sí kíláàsì rí. Nígbà tí ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, nípa ọjọ́ tí odò Ògùnpa kún bo ojú ọ̀nà tí wọn kò rí ọjà lọ, ó ní kó tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ní, "Ṣé èmi ni mo wà nínú ìwé yìí?" Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń wá a kiri pẹ̀lú bírò. Ìwé àjákọ méjì ló ti kún báyìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀ kà dáadáa.

Àlọ́ náà ń ṣiṣẹ́ yìí. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti fa ìtumọ̀ yọ, irú èyí tó nílò fún ìbéèrè ẹja àti ológbò. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ọmọ tó bá ronú dé ẹ̀wà, tó rí ojú dúdú ara rẹ̀ bí ẹni lé tìróò, ti ṣe iṣẹ́ ọpọlọ gidi. Bí ó bá jẹ́ àlọ́ àpagbè ni, ẹ dá a dúró láàárín, ẹ ní, "Kí lo rò pé ìjàpá máa ṣe báyìí?"

Ẹ má na ọmọ nídìí ìwé. Ẹ má pè é ní olódo, kódà bí ẹ bá ń ṣeré. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán lára ọmọ. Bí ó bá ka ọ̀rọ̀ kan tó ti ń sá fún un, ẹ fi oríkì kì í. Ẹ pe Àjàní, ẹ pe Àṣàkẹ́, kí ẹ fi oríkì ìdílé lé e. Mo ti rí ọmọ tó tún ojú ewé kan kà lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí kí bàbá rẹ̀ lè kì í.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò wà lẹ́nu wa

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Mẹ́rìnlá ni mẹ́rin lé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún ni mẹ́rin dín nínú ogún. Márùndínlógójì, márùn-ún dín nínú ogójì. Ọmọ tó ń ka iye ní Yorùbá dé ọgọ́rùn-ún ti ń ròpọ̀, ó ti ń yọ kúrò, ó ti ń fi ogún sọ ìlọ́po, láìmọ̀. Ẹ ní kó sọ 45 fún yín, kó sì ṣàlàyé rẹ̀: márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò.

Ayò ọlọ́pọ́n náà, tábìlì ìlọ́po ni. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀, ẹ ṣa òkúta. Kó sọ iye ọmọ tó wà nínú ihò mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìlọ́po mẹ́rin ti wọ̀ ọ́ lára.

Ní ọjà, ẹ jẹ́ kó ṣírò ṣéńjì. Ká ní kóńgò gàrí kan jẹ́ N1,200, wọ́n ra mẹ́ta, wọ́n san N4,000. Ẹ jẹ́ kó sọ fún yín pé N3,600 ni owó ọjà, N400 ni ṣéńjì, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ ṣéńjì lẹ́nu, wọn kò sì mọ bí a ṣe ń kọ ìṣirò kan náà sínú ìwé. Nítorí náà, tí ẹ bá délé, ẹ ní kó kọ ohun tó ṣe lọ́jà: 3 × 1,200, lẹ́yìn náà 4,000 − 3,600.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ lọ rí tíṣà

Ẹ má dúró de ìpàdé òbí àti olùkọ́. Owó ni wọ́n sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbẹ̀. Ẹ lọ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde, kì í ṣe lórí ìlà ní àárọ̀ nígbà tí ọgọ́ta ọmọ ń pariwo. Ẹ mú ìwé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà yẹn dání. Mo fi èyí kọ́ ìyá kan tí ẹ̀rù ń bà á láti bá tíṣà sọ̀rọ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi ni ìyá Táyọ̀ ní Pírámárì 3. A ti ń bá a kàwé díẹ̀díẹ̀ nílé. Ó mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò tíì lè so wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kíyè sí lára rẹ̀ ní kíláàsì?"

"Háà, ìyá Táyọ̀, ẹ káàbọ̀. Ó máa ń dákẹ́ ni. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè gbé e wá síwájú? Kí la lè ṣe nílé lọ́sẹ̀ yìí tó máa bá tiyín mu?"

Ẹ rí i pé kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Tíṣà tó rí òbí tó ń ṣe tirẹ̀ nílé kì í gbàgbé ọmọ náà. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí ọmọ bá ń lọ sí lẹ́sìnnì, ẹ bi ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìbéèrè kan náà. Púpọ̀ nínú lẹ́sìnnì kò ju kí wọ́n bá ọmọ ṣe asáímẹ́ǹtì tán lọ. Bí ẹ bá ń sanwó rẹ̀, ẹ sọ ọ́ gbangba: "Ẹ bá mi kọ́ ọ ní kíkà. Ẹ fi asáímẹ́ǹtì sílẹ̀ fún un."

Ìgbésẹ̀ keje: ojú, etí, oorun, oúnjẹ

Ọmọ tó ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n ju, tó ń fún ojú pọ̀ kó tó ríran jìnnà, tàbí tó ń kọ ohun tí kò sí lára bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn sì lè tọ́ yín sọ́nà. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tàbí tó máa ń ní "Hẹn?" ní gbogbo ìgbà, lè má gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín "b" àti "p". Ẹ má rò pé àfojúdi ni.

Ọmọ tó kiri ọjà kó tó lọ sílé ìwé ti rẹ̀ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kìíní sára bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé owó kò sí. Bí kò bá ṣeé ṣe láti dá a dúró, ẹ gbé e sí ọ̀sán, kó jẹ ògì àti àkàrà kó tó jáde lówùúrọ̀, kó sùn ṣáájú aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tí ibà bá dá a dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ yá ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó tó padà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá

Ẹ mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mìíràn, ẹ yí àwọn lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ padà, ẹ kọ ìtàn tuntun. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ọmọ fúnra rẹ̀ rí ibi tó ti kúrò. Bó bá ti sún síwájú, ẹ máa bá a lọ, pàápàá nínú ìsinmi gígùn láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbàgbé ohun tí wọ́n fi táàmù kan kọ́.

Bí kò bá sún rárá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí ẹ kò fo ọjọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ keje pẹ̀lú dókítà, kí ẹ sì bi tíṣà bóyá ó rí nǹkan mìíràn.

Bí ó bá sì jẹ́ Pírámárì 6 ni ọmọ yín wà, tí kò lè ka ìtàn Àdùkẹ́, ẹ má kó gbogbo owó yín lé ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì. Yóò há ìdáhùn sórí, yóò wọlé, ìṣòro yóò sì bá a lọ sí JSS 1. Ẹ fún un ní ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ dípò ogún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ba, be, bẹ, kí ẹ sì wá ilẹ̀kùn tí ẹ lè tì, kí àwọn àbúrò rẹ̀ má baà máa wò ó.